Oríkì Tí Mo Fi Ki Ọ̀dàlẹ̀ Nínú Sinimá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má wo ti pé olùkọ́ ni mí kẹ́ ẹ wá rò pé mo fẹ́ kọ́ yín ní nǹkan. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò. Mo ti rò ó fún mínísítà ìjọ wa, ó ní kí n gbàdúrà. Mo gbàdúrà títí orúnkún mi fi bó, ọ̀rọ̀ náà kò sún kúrò níbi tó wà. Mo ti yí orúkọ àwọn èèyàn padà níhìn-ín, mo sì ti yí oríkì wọn padà. Bí ẹ bá kà á dópin, ẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ máa pè mí ní Simeon. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Katikíìsì ni bàbá mi, láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé e kiri, kò mọ ibi tó máa gbé ọmọ sí. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tó ń ta obì, Nimotalahi, ló wá fà mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú, ó mú mi lọ sí agboolé bàbá rẹ̀, agboolé Ọláníyọnu, ní Òkè-Ṣọ̀pẹ́n, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà.

Mùsùlùmí ni gbogbo wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin yìí ló ń fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀, tí á ní, "Tètè máa lọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ ti ń kọrin." Ìyá ni mò ń pè é. N kò ní ìyá mìíràn.

Kò sí àárọ̀ tí kì í kì mí kí n tó bọ́jú:

"Ọmọ Ọláníyọnu, a-bomi-tútù-pàdé-àlejò,
Ọmọ a-gbin-obì-sígbó-kílé-má-ṣòfo,
Ọmọ ebi-kì-í-sùn-nílé-wa,
Ọmọ a-sunkún-kẹ́yẹ-oko-dákẹ́."

Bí mo bá ti gbọ́ ọ, orí mi á wú. Mo gbàgbé pé èmi kì í ṣe ọmọ Ọláníyọnu.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ilé-ìwé, Ọ̀gá Zechariah, ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó sì ti kọ ìwé ìtàn kan tí ó pè ní Ẹnubodè Kẹta. Ìtàn ogun ayé àtijọ́ ni. Ọ̀tá dó ti ìlú kan nínú igbó, ìyàn mú, àwọn ará ìlú ò sì juwọ́ sílẹ̀, títí ọkùnrin kan láàárín wọn fi ṣílẹ̀kùn ẹnubodè kẹta fún ọ̀tá. Ìwé náà kò dárúkọ ọkùnrin yìí. "Ọkùnrin kan" ni Ọ̀gá ń pè é títí ìwé fi parí.

Ní ọdún 1961, Ọ̀gbẹ́ni Bùsúyì dé láti Ìbàdàn. Ó fi gíláàsì dúdú sójú bí ẹni pé oòrùn Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí tiwọn. Ó ní òun fẹ́ fi ìwé Ọ̀gá ṣe sinimá, èyí tí wọn yóò máa sọ Yorùbá nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè jókòó ti ẹnikẹ́ni kó máa to ọ̀rọ̀ sẹ́nu òṣèré. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Simeon, ìwọ ni kó o bá wọn ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn yẹn, má sọ ọ́ lórúkọ o. Ogun ti parí, àmọ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó jà á ṣì wà láàárín wa."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mo sì gbọ́ lóòótọ́. N kò sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Inú igbó kan ní ọ̀nà Òjòwò la ti ya àwòrán náà. Bí ilé-ìwé bá ti ń jáde ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ síbẹ̀. Bùsúyì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ dídùn múni. Ó ní, "Tíṣà, orúkọ rẹ á hàn gàdàgbà lára aṣọ sinimá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rí i l'Ékòó, wọ́n á rí i n'Íbàdàn." Ọ̀rọ̀ yìí ló gùn mí. Mo máa ń kọ orúkọ ara mi gàdàgbà sí pátákó ní kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, mo máa ń jìnnà sí i wò ó, kí n tó nù ún kúrò.

Lọ́jọ́ kan, Bùsúyì ní inú òun ò dùn.

"Ọ̀dàlẹ̀ yìí ò wú mi lórí. Mo fẹ́ kí àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ ná, kí wọ́n tó kórìíra rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa ṣílẹ̀kùn, jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kì í. Oríkì gidi ni mo fẹ́ o."

"Oríkì ta ni ká fi kì í?"

"Ṣé èmi ni ọmọ Ìjẹ̀bú ni? Wá a."

Mo jókòó, mo hun ọ̀kan. Adédoyin, obìnrin tó ń ṣe ìyàwó ọ̀dàlẹ̀, gbé e sẹ́nu, ó dà bí ìgbà tí wolé-wolé ń ka òfin ìmọ́tótó. Àwọn òṣèré bú sẹ́rìn-ín.

Bùsúyì wò mí. "Tíṣà, ṣé wọn ò kì ọ́ rí láyé rẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Èmi? Èmi tí wọ́n fi oríkì tọ́ dàgbà? Mo la ẹnu, ti Ìyá ló jáde. Mo kì í láti òkè délẹ̀, bí Ìyá ṣe máa ń fà á gan-an. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Adédoyin ń nu ojú.

"Òun nìyẹn!" ni Bùsúyì pariwo. "Kọ ọ́ sílẹ̀!"

N kò ní parọ́ fún yín, ọkàn mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní, Simeon, oríkì kì í ṣe ẹ̀wù tí wọ́n ń yá wọ̀. Mo dá a lóhùn pé n kò kúkú dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo yọ "ọmọ Ọláníyọnu" kúrò níbẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀, bí ẹni tó gé orí ẹja sọnù tó wá ń retí pé kò sẹ́ni tó máa mọ irú ẹja tó jẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n fi sinimá náà hàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn, ooru mú wa bí ẹni wà nínú ààrò. Èmi fúnra mi ni mo lọ pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Ìyá jókòó síwájú, Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí agboolé wà lọ́tùn-ún, Ọmọ́títí àbúrò rẹ̀ wà lósì. Ọ̀gá Zechariah kò wá, ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi wò ó.

Orúkọ mi jáde. Ìyá ò mọ̀wé, Ọmọ́títí ló nàka sí i fún un. Ìyá pàtẹ́wọ́, òun nìkan ló ń pàtẹ́wọ́ nínú gbogbo gbọ̀ngàn.

Ó yá, àárọ̀ ọ̀dàlẹ̀ dé. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: a-bomi-tútù-pàdé-àlejò. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní "Háà!" lẹ́yìn mi. A-gbin-obì-sígbó-kílé-má-ṣòfo. Àwọn tó wà lápá Òkè-Ṣọ̀pẹ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú síra wọn. Kí obìnrin náà tó ki oríkì tán, gbogbo orí tó wà níwájú mi ti yí sọ́dọ̀ Fàsásì.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn lọ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀tá ya wọlé, wọ́n ń pa èèyàn, wọ́n ń dáná sun ilé. Obìnrin kan dìde nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, ó figbe ta: "Àṣé àwọn ọmọ Ọláníyọnu ló tà wá!"

Nígbà tí a jáde, gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ń fi igi jagun kiri ojúde. Bàbá kan ní irọ́ ni fìlà tí wọ́n dé, ẹnikẹ́ni ò dé irú fìlà yẹn láyé bàbá òun. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, Ọláwálé, ń bínú pé wọ́n ti ba ìwé jẹ́. Ó ní, "Ibo ni orí kẹrin wà? Ibo ni wọ́n ti rí oríkì yẹn? Kò sí nínú ìwé."

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ dá a lóhùn wàràwàrà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ máa ka ìwé yín. Ojú mi lèmi fi rí tèmi."

Ẹ gbọ́ o: láti ọjọ́ yẹn, ohun tí obìnrin yẹn sọ ló di ìtàn ìlú. Àwọn tó ka ìwé Ọ̀gá kò pọ̀. Àwọn tó fojú rí i kún gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́ ọjà, kò sẹ́ni tó dúró nídìí obì Ìyá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ní Òjòwò, ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kì í, bí wọ́n bá sì ti kì í tán, wọ́n á ní, "Ó ṣílẹ̀kùn!" Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn ìyá inú agboolé kò fi ohùn òkè ki ọmọ wọn mọ́. Ìyá ń kó obì lọ, ó ń kó o bọ̀, obì sì ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fàsásì pe gbogbo ilé jọ, ó sì ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Zechariah. Ọ̀gá wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábíyá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wá ojú wa kiri.

Fàsásì ní, "Tíṣà àgbà, kí la fi ṣe ọ́? Kí ló dé tó o fi oríkì wa ki ẹni tó ba ìlú jẹ́?"

"N kò kọ ọ́. Ẹ ka ìwé mi."

Fàsásì wá kọjú sí mi. "Simeon, orúkọ tìrẹ náà wà lára aṣọ yẹn. Ta ló fi oríkì wa síbẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibí yìí gan-an ni mo ti dọ̀dàlẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Mo wo ojú Ìyá, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bí Ọ̀gá ṣe fẹnu sọ ọ́ fún mi ni mo kọ ọ́."

Ọ̀gá yíjú síbi tó ti gbọ́ ohùn mi. "Simeon," ló wí.

Ilé dàrú. Àwọn kan ní ká fà á lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, àwọn kan ní kó fi Bíbélì búra ní gbangba ọjà. Fàsásì fi èdè Ìjẹ̀bú ké pé wọ́n ti pa àwọn: "Ghan ti pa wá! Ghan ti pa wá láyé!" Ọ̀gá, tó lé ní àádọ́rin ọdún, ń na ìwé rẹ̀ kiri kí ẹnì kan bá a kà á. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. N kò sọ ọ́.

Ìyá ló sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ìyá wa ń kì yín ní kékeré, ṣé wọ́n máa ń ní ọmọ a-sunkún-kẹ́yẹ-oko-dákẹ́?"

Fàsásì ronú díẹ̀. "Rárá. Inú sinimá ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn."

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Èmi ni mo fi kún un. Ọmọ kan ti ọwọ́ ikú bọ́ sọ́dọ̀ mi, ó sunkún fún ọjọ́ méje. Mo fi í sínú oríkì wa kó lè mọ̀ pé ọmọ wa lòun. Inú yàrá mi nìkan ni mo ti ń wí i. Ọ̀gá Zechariah kò wọ yàrá mi rí."

Gbogbo ojú yí sí mi. Òun nìkan ni kò wò mí.

"Láti orí ìjókòó mi nínú gbọ̀ngàn ni mo ti mọ̀. Mo ń dúró kó fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó wọ inú rẹ̀. Fàsásì dìde, ó mú Ọ̀gá lọ́wọ́ tìtìjú-tìtìjú, ó sìn ín dé títì. Nígbà tó padà dé, ó ní kí n máa lọ sílé mi, kò sì sọ pé kí n padà wá.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí wọ́n bá gé tèmi nígbà náà, ì bá sàn. Mo lọ bá Bùsúyì níbi tó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ sinimá rẹ̀.

"Ẹ gé oríkì yẹn kúrò. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Gé kí ni? Tíṣà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sunkún jù. Bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí kọ́ lèyí tó o máa fi rọ́bà pa rẹ́." Ó rí i pé omi ń bọ́ lójú mi. "Àbígí lápá odò là ń lọ ní Sátidé. Bó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀, mo fún ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fún mi ní ìlú. Mo ní bí mi ò bá lè tún ti Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe, n óò tún ti apá odò ṣe.

Lọ́rì tó ń lọ kó ẹja gbígbẹ ni mo bá dé Àbígí. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, apẹja, aláta, ọmọ ilé-ìwé. Mo dìde níwájú aṣọ funfun, mo gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, oríkì kan ń bọ̀ nínú sinimá yìí. Kì í ṣe ti ọ̀dàlẹ̀ rárá. Ti agboolé Ọláníyọnu ní Òkè-Ṣọ̀pẹ́n ni. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Nimotalahi olóbì, tó tọ́ mi dàgbà, ọmọ ilé náà ni, kò sì sí ẹni rere tó o. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ má fi orúkọ wọn kún ọ̀rọ̀ ẹnubodè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti ọjọ́ yẹn.

Sinimá parí. Bàbá apẹja kan tó ń jẹ́ Sùrájù dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ràn àwòrán náà gan-an, ó ní òun á fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣùgbọ́n, Tíṣà, àwa ò mọ oríkì ẹnikẹ́ni lápá ọ̀dọ̀ yín. À bá ti rò pé ìtàn lásán ni. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ló gbé ọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá bẹ̀ wá pé kì í ṣe àwọn?"

"Bàbá, àṣìṣe mi ni."

"Mo gbọ́. Ọláníyọnu. Òkè-Ṣọ̀pẹ́n." Ó tún un pè bí ẹni tó ń há a sórí.

N kò fi í sọ́kàn. Ẹnì kan kì í ṣe gbogbo ìlú. Nígbà tí lọ́rì ń gbé wa padà, mo gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń kọrin pé Ọláníyọnu ló ṣílẹ̀kùn, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo èrò mi ni bí n óò ṣe sọ fún Ìyá. Bí ẹ bá ṣẹ èèyàn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí àtúnṣe ti lè wọlé fún un. Èmi ò béèrè.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, mo fi ìtìjú lọ sí agboolé. Ìyá wà lójúde, ó ń to obì sínú agbọ̀n, ó ń fi ewé tútù sí àárín wọn. Agbọ̀n mẹ́rin ti kún. Ọmọ́títí ń di ẹní àti ìkòkò. Ìyá jẹ́ kí n kí òun. Ìyẹn nìkan tó láti mú mi sọ̀rọ̀ yánmayànma.

"Ìyá, mo ti sọ òótọ́. Mo dìde níwájú gbogbo ìlú, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo dárúkọ ilé wa, mo ní ọmọlúàbí ni wá."

Ọmọ́títí gbójú sókè. "Ìlú wo?"

"Àbígí. Àná ni wọ́n fi sinimá hàn níbẹ̀."

Ọmọ́títí ju okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àbígí? A ti gba ìsọ̀ níbẹ̀! Ọ̀la là ń lọ! Ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti mọ̀ wá!"

Ìyá ò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ewé.

"Simeon, ṣé o dárúkọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo ní Nimotalahi olóbì. Mo ní kò sí ẹni rere tó yín."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú agbọ̀n tó kún jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó obì jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà sórí ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n bá a kó o.

"Fi sílẹ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Simeon, jọ̀wọ́. Má bá mi ṣe nǹkan kan mọ́."

Ọdún kẹrin rèé. N kò tíì ṣe nǹkan kan.